Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kò rí password yín

Níbi ìkómọ kan lọ́jọ́ Àìkú, àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, na fóònù wọn sí mi níwájú gbogbo èèyàn. “Bá mi wo password email mi, mo ti gbàgbé ẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà lẹ máa ń rí gbogbo ẹ̀.” Mo ní a kì í rí i, ma. Wọ́n ní ahun ni mí. Bàbá kan tó jókòó nítòsí tún là á mọ́lẹ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, pé a kàn ń díbọ́n ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, n kò tíì rí password ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ìyẹn ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/passwd. Orúkọ yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Tí ẹ bá ṣí i, ìlà kan ló wà fún oníkálukú, báyìí:

ade:x:1001:1001::/home/ade:/bin/bash

Orúkọ tí Adé fi ń wọlé ló ṣíwájú. Nọ́ńbà tirẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí fáìlì rẹ̀ ń gbé náà wà níbẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń retí password, x lásán lẹ máa bá.

Ohun tí x yẹn dúró fún wà nínú fáìlì mìíràn, /etc/shadow, tí ọ̀gá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní root ló ní àṣẹ láti kà. Èmi ni root níbi iṣẹ́ wa. Ohun tí mo ń bá níwájú orúkọ Adé ni $6$, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn lẹ́tà kan tí kò nítumọ̀, lẹ́yìn ìyẹn àmì 86 tó rí rúdurùdu. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní hash.

Ẹ wo ata tí ẹ gbé lọ sídìí ẹ̀rọ. Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà ló wọlé, ata lílọ̀ ló jáde. Ta ló lè yọ rodo mẹ́ta padà nínú ẹ̀? Bí Adé bá ṣe password, kọ̀ǹpútà á lọ̀ ọ́, ata lílọ̀ yẹn ló máa tọ́jú. Tí Adé bá padà dé lọ́la, kọ̀ǹpútà á lọ ohun tó bá tẹ̀ lọ́tun, á fi wé ti àná. Tí wọ́n bá bára mu, ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n tún ń fi iyọ̀ sí i kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Iyọ̀ gan-an ni àwa oníṣẹ́ yìí ń pè é, òun ni àwọn lẹ́tà tí kò nítumọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti oníkálukú sì yàtọ̀. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ ìkómọ yẹn, inú ṣì ń bí mi, mo la àkáǹtì méjì sórí laptop mi, mo fún méjèèjì ní password kan náà. Mo ṣí shadow. Ìlà méjèèjì kò jọra rárá. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ kò lè wò wọ́n kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kì í sì í ṣe àrà àná. Láwọn ọdún 1960, ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ password sínú fáìlì bó ṣe wà gan-an. Lọ́jọ́ kan, àṣìṣe gbé fáìlì náà sí àyè ọ̀rọ̀ ìkíni tí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa ń rí, password gbogbo wọn bá wà lójútáyé. Robert Morris àti Ken Thompson ti ilé ìwádìí Bell Labs mẹ́nu bà á nínú àpilẹ̀kọ wọn ti ọdún 1979, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí Unix, ètò tó ṣáájú Linux, ṣe ń lọ password àti iyọ̀ tí wọ́n ń fi sí i. 1979! A ṣì ń jà lé e lórí níbi ìkómọ.

Ẹ ó ní Chrome ń fi password yín hàn yín. Ẹ̀yin lẹ ní kó bá yín tọ́jú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ ó ní mo lè wọ àkáǹtì Adé. Òótọ́ ni, mo lè ṣí fáìlì rẹ̀, mo sì lè fún un ní password tuntun. Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ ni n kò lè sọ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ní ẹ ti gbàgbé password, tuntun ni wọ́n á ní kí ẹ ṣe.

Ó dáa, àwọn kan ń ṣe é ní ìṣekúṣe. Iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ RockYou kò lọ tiwọn rárá, olè sì kó password tó lé ní mílíọ̀nù 32 lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2009. Lọ́dún 2019, Facebook náà jẹ́wọ́ pé àwọn rí ti ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn kò lọ̀ nínú àkọsílẹ̀ inú ilé wọn. Ibi tó bá fi password yín àtijọ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ìgbàgbọ́ yìí làwọn gbájú-ẹ̀ ń jẹ lé lórí. Wọ́n pe aládùúgbò mi kan, wọ́n ní báńkì làwọn ti ń pè, pé password rẹ̀ wà níwájú àwọn, kó kàn kà á káwọn fi wé e. Ó kà á. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Ṣebí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.” Owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta ló bá a lọ.