Àtúnṣe: Taj Mahal kọ́ ni mùsíọ́mù Babur

Láti ọjọ́ mẹ́ta kan ni àwòrán kan ti ń káàkiri orí WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Òṣogbo. Ilé funfun ńlá kan ni, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mùsíọ́mù Babur, ọba akéwì tó dá ìjọba Mughal sílẹ̀ ní Íńdíà, nìyẹn, pé òun ló kọ́ ọ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ìyá oníṣòwò kan fi hàn mí ní Ọjà Ọba láàárọ̀ àná. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe òótọ́.

Taj Mahal ni, ní Agra, ní Íńdíà. Shah Jahan, ọba Mughal mìíràn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1632 fún Mumtaz Mahal, ìyàwó rẹ̀ tó kú. Babur ti kú láti 1530. Kabul, ní Afghanistan, níbi tó ti jọba kó tó dé Íńdíà, ni sàréè rẹ̀ wà. Mùsíọ́mù rẹ̀ sì wà ní Andijan, ní Uzbekistan, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1483.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irọ́ yìí bo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí èdè Páṣíà gbayì láàfin, èdè abínibí rẹ̀, Chagatai, ló fi kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ewì rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ kan ní Íńdíà, wọ́n gbé mẹ́lọ́nì wá fún òun. Bí òun ti gé e tí òun ń jẹ ẹ́, ni omijé ń bọ́. Àárò Kabul ló ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pín àwòrán náà, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ pín in sí.