Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Mussolini?

Ó ti sú mi o. Kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba apàṣẹwàá máa délẹ̀ lórí ayélujára tí ẹnì kan ò ní yọjú kó ní, "Ẹ sọ ohun tó wù yín nípa Mussolini, ó ṣáà mú kí rélùwéè máa dé lásìkò." Rélùwéè! Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n torí ẹ̀ ń yin apàṣẹwàá Ítálì yìí, wọ́n ti dáwọ́ lé e kó tó dórí oyè rárá. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ rélùwéè la fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èyí tó gbéra ní Milan lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1922. Inú rẹ̀ ni Mussolini wà, nínú yàrá tí wọ́n ń sùn sí, ó ń lọ gba ìjọba ní Róòmù nítorí ọba ti ránṣẹ́ pè é. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní kí wọ́n lọ gba ìlú náà wà lẹ́yìn odi, òjò ń pa wọ́n, ebi ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ìbọn gidi lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n wá sọ di "Ìwọ́de Róòmù" nìyẹn, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé, bíi pé ogun ni wọ́n jà tí wọ́n ṣẹ́.

Ogun wo? Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Èrò tèmi ni pé ìjọba fáṣíìsì, irú ìjọba apàṣẹwàá tí Mussolini dá sílẹ̀, kì í sábà já ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn ló máa ń ṣí i fún un, wọ́n á ní àwọn á rí i rán níṣẹ́.

Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Sósíálísì, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn òṣìṣẹ́, ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó lé e lẹ́gbẹ́ lọ́dún 1914 torí ó ní kí Ítálì bọ́ sójú ogun. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1919 ló kó ìwọ̀nba èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Milan, tó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀, ẹgbẹ́ Fáṣíìsì, sílẹ̀. Ìbò dé lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọn ò rí ìjókòó kan ṣoṣo mú. Ní Milan tó ti ń pariwo kiri, ìbò tí wọ́n dì fún wọn kò tó 5,000. Àwọn Sósíálísì gbé pósí yí ìgboro ká, wọ́n ní òkú Mussolini làwọn ń lọ sin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Owó àti ìbẹ̀rù ló jí òkú ọ̀hún. Ogun Àgbáyé Kìíní ti pa nǹkan bí 600,000 ọmọ ogun Ítálì. Àwọn tó padà wálé ò ríṣẹ́, owó ọjà ń fò sókè lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1920, àwọn òṣìṣẹ́ gba ilé iṣẹ́ mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ ní Milan àti Turin. Ní ẹkùn odò Po, àwọn alágbàṣe oko kóra jọ, wọ́n ń sọ iye tí àwọn máa gbà kí àwọn tó gbé ọkọ́. Jìnnìjìnnì bo àwọn onílẹ̀ ńlá. Wọ́n ti gbọ́ ohun tójú irú wọn rí ní Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Ni wọ́n bá ń dá owó fún àwọn ọmọ Mussolini, wọ́n ń yá wọn ní lọ́rì.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí. Lóru ni lọ́rì máa dé abúlé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú á bẹ́ sílẹ̀ tàwọn ti kùmọ̀. Wọn ò ní ya ibì kankan, ilé akọ̀wé ẹgbẹ́ alágbàṣe ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á wọ́ ọ jáde lójú ìyàwó àtọmọ, wọ́n á lù ú, wọ́n á wá fi tipátipá la ẹnu rẹ̀, wọ́n á da òróró lárà sí i lọ́nà ọ̀fun. Kì í ṣe ṣíbí kan bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ tí inú rẹ̀ kò yà o. Ó lè tó ìgò kan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òróró lárà ń fi ikùn ṣe. Àgbà ọkùnrin á máa yàgbẹ́ sára lójú àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ kí i lánàá. Ó pa àwọn míì. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, torí wọ́n mọ̀ pé aṣáájú tí wọ́n bá ti rí báyẹn, ẹnu rẹ̀ ò ní fẹ́ tólẹ̀ mọ́ láwùjọ. Wọ́n á dáná sun ilé ẹgbẹ́, wọ́n á gun lọ́rì wọn padà pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ọlọ́pàá ńkọ́? Ọlọ́pàá ń wòran.

Ibí yìí ni Giovanni Giolitti ti wọlé. Bàbá arúgbó yìí ti ṣe olórí ìjọba lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sí ọgbọ́n òṣèlú tí kò sí ńkùn rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ ọ̀hún, ó ní òun á fi wọ́n bá àwọn Sósíálísì wí ná. Tí wọ́n bá ti jókòó nílé aṣòfin fúngbà díẹ̀, ara wọn á wálẹ̀. Nínú ìbò oṣù Karùn-ún ọdún 1921, ó kọ orúkọ wọn mọ́ ti àwọn èèyàn tiẹ̀. Àwọn tí kò rí ìjókòó kan mú ní nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn bá kó 35. A máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ní ti Ítálì, onílé fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ́ tó gbẹ́ ògiri.

Ọba Vittorio Emanuele Kẹta ló bá wọn parí iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1922, Luigi Facta tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gbé ìwé òfin pàjáwìrì lọ bá a pé kó fọwọ́ sí i, kí àwọn sójà lè tú àwọn aláṣọ dúdú ká. Sójà wà nílẹ̀ ní Róòmù, ohun ìjà wọn kọjá tàwọn jàǹdùkú yẹn fíìfíì. Ọba kọ̀. Àwọn òpìtàn kan ní ẹ̀rù ogun abẹ́lé ló bà á, àwọn kan ní mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó fẹ́ràn àwọn Fáṣíìsì ló ń ṣọ́, kó má bàa gba adé mọ́ òun lórí. Nínú méjèèjì, mi ò rí èyí tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Oṣù ò tíì parí tí Mussolini fi di olórí ìjọba, lọ́mọ ọdún 39.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé aṣòfin lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yìí dúró níwájú wọn, ó bú wọn. Ó ní ká ní ó wu òun ni, òun ì bá ti sọ gbọ̀ngàn wọn di ibùdó àwọn ọmọ ogun òun. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n wá dìbò. 306 ní àwọn fọkàn tán an, 116 ní rárá. Ẹ rántí pé 35 ni ìjókòó tí ẹgbẹ́ rẹ̀ rí mú. Ta wá ni àwọn tó kù nínú 306 yẹn? Fáṣíìsì kọ́ o. Àwọn lọ́yà ni, àwọn àgbà òṣèlú, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, àwọn èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kò gbé kùmọ̀ rí. Giolitti náà wà lára wọn.

Lọ́dún 1923, wọ́n tún ṣòfin fún un pé ẹgbẹ́ tó bá gbapò kìíní, tí ìbò rẹ̀ ṣáà ti tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ni kó kó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìjókòó. Kùmọ̀ ni wọ́n fi dìbò ọdún 1924. Giacomo Matteotti, aṣòfin kan lára àwọn Sósíálísì, dìde nílé aṣòfin lọ́jọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ó ń ka màgòmágó ìbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo mọ́ ọn, kò jókòó. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ létí odò Tiber, àwọn kan jí i gbé sínú ọkọ̀ Lancia. Àárín oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú.

Ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn tó ń fi báájì ẹgbẹ́ yangàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ sápò. Ká ní ọba la ẹnu rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ìjọba yẹn ì bá wó. Ní ti àwọn alátakò, ńṣe ni wọ́n kó jáde nílé aṣòfin, wọ́n ní àwọn ò ní bá apànìyàn jókòó. Ọ̀rọ̀ náà wuyì létí, àmọ́ ta ni wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún? Wọ́n lọ bá ọba, ọba ní ilé aṣòfin ni ojú àti etí òun. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ti jáde kúrò níbẹ̀! Lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1925, Mussolini dìde, ó ní ọrùn òun ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà, ẹni tó bá lè mú òun kó wá mú òun. Kò sẹ́ni tó mú un. Nígbà tí ọdún 1926 máa fi parí, wọ́n ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù, Antonio Gramsci tó jẹ́ aṣòfin ti wà lẹ́wọ̀n. Lọ́dún 1931 wọ́n ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì búra fún ìjọba. Wọ́n lé ní 1,200. Àwọn tó kọ̀ kò tó ogún.

Ogun wá ńkọ́? Ìjọba tó jẹ́ pé lílù ló fi dórí oyè, kò mọ iṣẹ́ míì. Nígbà tí kò sẹ́ni tó kù láti lù nílé, ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa lù níta, pàápàá tí ọrọ̀ ajé ò dáa tí àwọn èèyàn sì ń kùn. Etiópíà ló kọjú sí. Etiópíà ti na àwọn ọmọ ogun Ítálì ní Adwa lọ́dún 1896, ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára wọn. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, wọ́n sọdá ààlà láìkéde ogun.

Ẹ fọkàn sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, torí òun ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Olorì Elena, ìyàwó ọba, bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ níta gbangba ní Róòmù, ó fi tọrẹ kí wọ́n lè rówó jagun. Ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin tò tẹ̀ lé e jákèjádò Ítálì. Obìnrin tí kò ní wúrà kankan láyé rẹ̀ ju òrùka yẹn lọ á bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n á fún un ní òrùka irin kó fi sọ́wọ́. Ẹni tó ti fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ra ogun, ẹnu wo ló máa fi sọ lọ́la pé ogun náà ò dáa? Ẹni tó ronú kan ọgbọ́n yẹn mọ èèyàn dé egungun.

Ohun tí owó yẹn bá lọ ni gáàsì olóró tó ń bó èèyàn láwọ̀, tí wọ́n ń fi bàlúù dà sórí ọmọ ogun, sórí abúlé, sínú odò tí èèyàn àti màlúù ń mu. Ítálì sì wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé ní Geneva lọ́dún 1925 pé àwọn ò ní lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè (League of Nations) ní kí wọ́n má ta ohun kan àti òmíràn fún Ítálì mọ́, wọ́n yọ epo rọ̀bì sílẹ̀ níbẹ̀. Epo tó ń gbé bàlúù! Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ti ipa omi Suez, ibi tí ọkọ̀ ogun Mussolini ń gbà kọjá. Èrò Lọ́ńdọ̀nù àti Paris ni pé àwọn á lò ó láti fi dá Hitler lẹ́kun. Ṣé ẹ rí Giolitti nínú ọ̀rọ̀ yìí? Hitler ń wò wọ́n. Oṣù Kẹta ọdún 1936, nígbà tójú ayé ṣì wà ní Etiópíà, ó kó sójà rẹ̀ wọ Rhineland, apá ilẹ̀ Jámánì tí àdéhùn ní kó má kó sójà sí, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Kí ọdún yẹn tó parí, òun àti Mussolini ti jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà nínú ogun abẹ́lé Sípéènì. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1940, Mussolini kéde ogun lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lórí. Ó pé ọdún 16 gééré lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n jí Matteotti gbé.

Tí wọ́n bá dárúkọ ogun Hitler nílé wa, Bọ́mà ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Àmọ́ kí wọ́n tó kó ẹnikẹ́ni lọ sí Bọ́mà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá sójà Mussolini fojú kojú. Àwọn ló wọ Mogadishu lóṣù Kejì ọdún 1941, àwọn náà ló gba Harar lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Haile Selassie padà wọ Addis Ababa, ọdún márùn-ún pérépéré lẹ́yìn tí àwọn ará Ítálì wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ bàbá wa lọ kú síbẹ̀ nítorí ìwé kan tí ọba kan kọ̀ láti fọwọ́ sí ní Róòmù.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n yìnbọn pa Mussolini lóṣù Kẹrin ọdún 1945. Àwọn ará Ítálì fi ìbò lé ìdílé ọba wọn lọ lọ́dún 1946. Vittorio Emanuele sá lọ sí Íjíbítì, ibẹ̀ ló kú sí. Ṣùgbọ́n Rodolfo Graziani, gómìnà tó wà ní Addis Ababa lóṣù Kejì ọdún 1937 nígbà tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta pa àwọn ará ìlú ní ìpakúpa (Etiópíà ní wọ́n tó 30,000), kò jẹ́jọ́ Etiópíà rárá. Nítorí pé ó bá Jámánì ṣe ni wọ́n ṣe jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 19 lọ́dún 1950, oṣù mélòó kan péré ló fi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Lọ́dún 2012, ní Affile tí kò jìnnà sí Róòmù, wọ́n fi owó ìjọba kọ́lé ìrántí fún un. Ẹ má sọ̀rọ̀ rélùwéè fún mi mọ́.