Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń mú fáírọ́ọ̀sì inú imú

“Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ní láàbù, kò sí nǹkan kan.” Láti Ìgbọ̀nà dé Òkè-Fìà, bí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bá ti gbòde ní Òṣogbo, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti orí ìka kò lè sọ bóyá flu tàbí kòrónà wà lára èèyàn lónìí.

Awọ tó tẹ́ inú imú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ni fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí ti ń bí sí i. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ máa ń fi hàn ni àwọn sójà ara tó dìde sí wọn, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó pọ̀ débi tí a ó rí wọn. Nígbà náà, ikọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ń kárí gbogbo ara? Ó ń kárí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń bá a rìn.

Màléríà ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, ó tọ́ kí wọ́n wá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń húkọ́ tí wọ́n kọ “Widal 1/80” (èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún taifọ́ọ̀dù) fún, tó sì ń gbé oògùn taifọ́ọ̀dù mì! Sójà ni Widal ń wá, ì báà jẹ́ ti àìsàn tó ti lọ tipẹ́.

Swab, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gba ikun inú imú, ni iṣẹ́ náà. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù tàbí poliẹ́sítà, kí ọrùn rẹ̀ jẹ́ ike. Igi pákó lè dí PCR, àyẹ̀wò tó ń sọ àbùdá fáírọ́ọ̀sì di púpọ̀ kí a lè rí i, lọ́wọ́. Aláìsàn á gbé orí sẹ́yìn díẹ̀. A ó ti swab náà lọ tààrà sẹ́yìn, kó máa bá àjà ẹnu lọ dọ́gba, kì í ṣe sókè síhà ojú, títí yóò fi kan ògiri ẹ̀yìn imú. Jíjìnnà rẹ̀ tó láti ihò imú dé ihò etí. A ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a ó rọra yí i, a ó sì máa yí i bọ̀ jáde. Omi á dà lójú aláìsàn. Lẹ́yìn náà, a ó ṣẹ́ ẹ sínú ìgò tó ní 2 sí 3 mL omi ìpamọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́. 2 sí 8°C ló yẹ kó wà, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ; bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó di −70°C. Fírísà tí iná ń já, tí ohun inú rẹ̀ ń yọ́ tó tún ń dì, ń fọ́ RNA, àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà, túútúú ni.

PCR á sọ RNA náà di DNA, irú àkọsílẹ̀ àbùdá tó ṣeé ṣe ẹ̀dà rẹ̀, á gbé e gbóná dé 95°C, á tún mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí 60°C, ní nǹkan bí ìgbà 40. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan DNA náà ń di ìlọ́po méjì. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kòrónà, wọ́n tún máa ń wá jíìnì (ẹyọ àbùdá) èèyàn kan, RNase P, tó yẹ kó wà nínú ohun tí swab bá gbà. Bí wọn ò bá rí fáírọ́ọ̀sì, tí wọn ò sì rí jíìnì yìí, swab náà kò mú nǹkan bọ̀: kí wọ́n tún un gbà ni, kí wọ́n má kọ “kò ní in”. Nítòsí wa níbí, ní Ẹdẹ, RNA fáírọ́ọ̀sì kòrónà gan-an ni ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àwọn àìsàn tó ń ràn, ní Yunifásítì Redeemer's kà ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kì í ṣe sójà inú ẹ̀jẹ̀.

Lóòótọ́, PCR náà lè rí ìjẹkù fáírọ́ọ̀sì tó ti kú.

Ti pálí àyẹ̀wò kíákíá oníṣẹ́jú 15, bí ìlà C (èyí tó ń fi hàn pé pálí náà ṣiṣẹ́) kò bá yọ, ẹ sọ ọ́ nù. Bó bá sì ní kò sí flu, kò tíì parí: nínú 100 ẹni tó ní in, ó lè fo 30 sí 50. Ẹ gba swab fún PCR láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tí àìsàn bẹ̀rẹ̀.