Ẹ jẹ́ kí Peter Parker dàgbà

Ọ̀rọ̀ Spider-Man ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí kò bá bá lára mu kó dá mi lóhùn, kó má ṣe bú mi. Mi ò sọ ti sinimá o. Ìwé gan-an ni mò ń sọ, kọ́míìkì tí ilé iṣẹ́ Marvel ti ń tẹ̀ láti ọdún 1962, tí àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀ sì máa ń tìtorí ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Orúkọ ìjà yẹn ń yí padà, àmọ́ ìjà kan náà ni. Lónìí, Mary Jane, olólùfẹ́ Spider-Man, ni. Lọ́la, òǹkọ̀wé tuntun ni. Lọ́túnla, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul ni, tí wọ́n ń bú bí ẹni pé ó jẹ wọ́n lówó. Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé àwa kan fẹ́ kí Peter Parker, ẹni tó ń jẹ́ Spider-Man, dàgbà, àwọn tó ni ín kò sì fẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kó dàgbà lèmi wà, mi ò sì tíì rí ohun tó máa gbé mi kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó dá a sílẹ̀ gan-an kò bẹ̀rù àgbà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé e jáde, ọmọ òrukàn tó ń gbé lọ́dọ̀ Ben, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, àti May, ìyàwó Ben. Olè tí Peter rí tó sì jẹ́ kó kọjá lọ ló padà wá pa Ben. Nígbà tó fi máa di ọdún 1965, nínú ẹ̀dà 28 Amazing Spider-Man, ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì pẹ́ tó fi wọ yunifásítì. Nínú ẹ̀dà 185, lọ́dún 1978, ó yẹ kó gboyè jáde, àfi bí wọ́n ṣe ní kọ́ọ̀sì eré ìdárayá kan ṣì kù tí kò tíì ṣe. Spider-Man, ẹni tó ń fò láti òrùlé dé òrùlé ní New York, òun ló ní kári-ófà nínú eré ìdárayá! Ẹni tó bá ti lọ sí yunifásítì ní Nàìjíríà á mọ irú ẹ̀rín tí mo rín.

Láàárín ìyẹn, ó ti sin àfẹ́sọ́nà. Ẹ̀dà 121, ọdún 1973, Gerry Conway ló kọ ọ́, Gil Kane ló yà á. Green Goblin ju Gwen Stacy sílẹ̀ láti orí afárá, Peter ta okùn aláǹtakùn rẹ̀, ó gbá a mú lẹ́sẹ̀, ó fà á sókè, òkú ló fà sókè. Tẹ́ ẹ bá wo àwòrán yẹn dáadáa, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kékeré kan, "snap", lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọmọbìnrin náà. Ṣé ọ̀tá ló pa á ni, àbí okùn tí wọ́n fi fẹ́ gbà á là ló dá a lọ́rùn? Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń jà lórí ẹ̀. Èmi ò bá wọn dá sí i, torí ojú ewé tó kẹ́yìn ẹ̀dà 122 ni tèmi. Mary Jane, ọmọ fàájì, ẹni tí gbogbo ayé rò pé kò mọ̀ ju ijó àti ẹ̀rín lọ, wá bá Peter nínú ilé. Peter sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, ó ní kó jáde. Ọmọbìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wá pa ilẹ̀kùn dé láti inú, kò lọ. Ìyàwó ti fojú hàn níbẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ku ọdún 14 kí wọ́n tó ṣe é.

Wọ́n sì ṣe é lóòótọ́. Lọ́dún 1987, Marvel fa Peter àti Mary Jane lé ara wọn lọ́wọ́ nínú ìwé, wọ́n tún ṣe ìgbéyàwó náà lójúkojú ní pápá ìṣeré Shea Stadium ní New York, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, níṣojú àwọn èrò tó wá wo béèsìbọ́ọ̀lù (baseball). Stan Lee fúnra rẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Willi Smith, aránṣọ tó lókìkí, ló ṣe aṣọ ìyàwó. Ẹni tó ṣe irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, tó pe ayé wá jẹ́rìí, kò tún yẹ kó jí lọ́jọ́ kan kó ní kò ṣẹlẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ní ọdún 1996, ẹ̀dà 418, Mary Jane bímọ, wọ́n sọ fún un pé ọmọ ti kú, ìwé náà sì fi hàn wá pé ó jọ pé ẹnì kan ló gbé nǹkan lọ. Ta ló gbé e? Níbo ló gbé e lọ? Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà tì, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí ọmọ bá sọnù lọ́jọ́ ìkómọ, ṣé ẹbí á kàn jẹun tán kí wọ́n tú ká ni?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kan ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Ìtàn One More Day, ọdún 2007. Ìbọn ba Aunt May, ó ń kú lọ, Mephisto tó jẹ́ Sátánì inú ìwé Marvel wá sọ fún tọkọtaya náà pé òun á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí bí wọ́n bá yọ̀ǹda ìgbéyàwó wọn fún òun. Wọ́n gbà. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n fẹ́ra rí, Peter padà sílé Aunt May bí àpọ́n. J. Michael Straczynski tó kọ ọ́ sọ ní gbangba pé bí ìtàn náà ṣe parí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Joe Quesada, olórí àwọn olóòtú Marvel nígbà yẹn, ẹni tó tún fúnra rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, ní ìyàwó níní ń sọ Peter dàgbà jù. Ìkọ̀sílẹ̀ kò sì ṣeé ṣe torí ìyẹn náà á tún sọ ọ́ dàgbà sí i. Nítorí náà, ó sàn kí akọni wa bá Sátánì ṣòwò ju kó lọ sí kóòtù lọ. Mo ti ronú lórí àlàyé yẹn títí, kò wọ̀ mí létí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé gbogbo ìgbà tí Marvel bá ṣílẹ̀kùn fún Peter tó jẹ́ ọkọ àti bàbá, àwọn òǹkàwé ń wọlé. Lọ́dún 1998, Tom DeFalco mú ọmọ tó sọnù yẹn, ó ní ká sọ pé wọ́n rí i padà, pé ó ti dàgbà, pé òun náà ti ń ta okùn. Ìwé Spider-Girl nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí Marvel fẹ́ pa á tì, àwọn tó ń kà á ló sì ń pariwo títí wọ́n fi ń dá a padà, ó sì tó ẹ̀dà 100. Ẹ wo Spider-Man ti inú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, ìtàn alápéjúwe kékeré tó ń jáde lójoojúmọ́. Níbẹ̀ náà, Peter ti gbéyàwó láti 1987. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, wọ́n sọ ọ́ di àpọ́n lójijì, àwọn òǹkàwé fárígá, kò tó oṣù mélòó kan tí wọ́n fi ní àlá ni Peter ń lá. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn láàárọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tiẹ̀ mọ ilé tí wọ́n ti ń ta kọ́míìkì, gba ìyàwó padà fún un. Àwa tá à ń fowó ra ìwé kò rí i gbà.

Ní 2024 wàyí, Jonathan Hickman àti Marco Checchetto gbé Ultimate Spider-Man tuntun jáde. Nínú ayé ti ibẹ̀, Peter ti gbéyàwó, ó ti bí Richard àti May, irùngbọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀, kó tó di pé ó gba agbára. Ìwé náà tà débi pé wọ́n ń tún ẹ̀dà àkọ́kọ́ tẹ̀ léraléra. Nínú ìwé àgbà, ìyẹn Amazing Spider-Man, ńkọ́? Ní 2022 ni wọ́n gbé Mary Jane fún Paul tí mo dárúkọ lókè yẹn, tí wọ́n jọ ń tọ́ ọmọ méjì, ó sì wá já sí pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn gidi, idán ni. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n máa gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ẹ má bú Paul mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kò mọ nǹkan kan.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ohun tó jáde lẹ́yìn 2007 ló burú. Mo fẹ́ràn Superior Spider-Man ti Dan Slott gan-an. Ní ẹ̀dà 700 Amazing Spider-Man, ní ìparí 2012, Doctor Octopus gba ara Peter, Peter sì kú sínú ara ti Octopus. Àwọn kan bínú débi pé wọ́n ní àwọn á pa Slott. Ìyẹn ti kúrò ní ìfẹ́ ìwé, ìwà ọ̀daràn ni, kò sì sí àwáwí fún un. Ìtàn náà dùn. Kí ni ọ̀tá yìí wá fi ara Peter ṣe? Ó padà sí yunifásítì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀tá tó jí ara rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́ láti di gíwá, ohun tí àwọn olóòtú rẹ̀ kò jẹ́ kó dà. Peter gba ara rẹ̀ padà, ilé iṣẹ́ sì wó nígbà tó yá. Ní 2018, wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé náà padà, wọ́n ní ó jí iṣẹ́ ìwádìí Octopus kọ. Bó ṣe wà lọ́dún 1970 ló tún wà: kò lówó, kò níyàwó, owó ilé ń lé e.

Àbúrò mi kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá dàgbà tán, kí ni àwọn ọmọdé máa kà?" Miles Morales ni, àbúrò, Spider-Man kejì. Ọdún 2011 ni Brian Michael Bendis àti Sara Pichelli ti gbé e jáde, ọmọdé gidi, ọmọ ilé ìwé, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Àyè tí wọ́n ní Peter gbọ́dọ̀ máa dì mú ti lẹ́ni tó jókòó sí i. Ẹni tó bá tún sọ pé akọni kò lè dàgbà kí ìwé má kú, kó lọ wo kọ́míìkì Savage Dragon ti Erik Larsen. Láti 1992, bí ọdún ṣe ń lọ fún àwa náà ló ń lọ fún àwọn inú ìwé náà. Dragon tó jẹ́ bàbá ti kú, Malcolm ọmọ rẹ̀ ló wà nípò, òun náà sì ti bímọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ tó sì ń yà á. Àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè gbé fún ọmọdé kà o, mo ti kìlọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ wá ń bi mí níbo lẹ máa gbà wọlé: ẹ̀dà 1 dé 38, ìyẹn gbogbo èyí tí Ditko yà, lẹ́yìn náà 121 àti 122, lẹ́yìn náà Spider-Girl, kẹ́ ẹ wá mú ti Hickman. Tẹ́ ẹ bá débi ẹ̀dà 545, níbi tí wọ́n ti ta ìgbéyàwó fún Sátánì, ẹ fò ó, ẹ má náwó lé e. Èyí tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè yìí ti tó yín.