Omi kànáfùrù kì í wo ìnfẹ́ṣọ̀n

Ní Ọjà Ọba, l'Óṣogbo wa níbí, tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ ra kànáfùrù, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ti ìnfẹ́ṣọ̀n ni?" Àǹtí mi tí wọ́n ń ta èlò ọbẹ̀ níbẹ̀ bi èmi náà. Mo ní rárá o, sóbò ni mo fẹ́ sè. Wọ́n wò mí tìfura-tìfura.

Ọ̀rọ̀ pé omi kànáfùrù ń wo ìnfẹ́ṣọ̀n ojú ara, bí atọ̀sí, kì í kúkú ṣe irọ́ gbuu. Ẹ ju kànáfùrù sínú ife omi: èyí tí òróró rẹ̀ ṣì pé á rì, tàbí kó nàró bí ìṣó, èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ á léfòó gbalaja. Nínú 100 gíráàmù kànáfùrù tó dáa, òróró á tó 15 sí 20, eugenol ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Eugenol yìí ń pa kòkòrò àìfojúrí lóòótọ́. Dókítà eléyín pàápàá máa ń fi í po ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín fúngbà díẹ̀.

Àmọ́ inú àwo láàbù ni wọ́n ti da òróró lé kòkòrò lórí tó fi kú. Tẹ́ ẹ bá da Hypo lé e, ṣebí á kú náà? Ta ló ń mu Hypo?

Eugenol téèyàn mu kì í gba ojú ara lọ tààrà. Ẹ̀dọ̀ á mú un, á yí i padà, kó tó wákàtí 24 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìtọ̀ jáde tán. Èyí tó jáde bó ṣe wọlé kò tó 1 nínú 100. Kòkòrò atọ̀sí tó wà nísàlẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Mo mu ún, ó sì lọ!" Yíyún ló lọ. Atọ̀sí lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ lára obìnrin, kó máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́, títí dìgbà tí wọ́n á máa wá ọmọ kiri.

Ti òróró kànáfùrù inú ìgò kékeré tún burú jù. Ọmọ ọdún 2 kan mu nǹkan bíi mílílítà 5 sí 10, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ṣé kí n wá máa lé oníbàárà lọ sílé àyẹ̀wò ni?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu èènì sí tèmi.