Ta ló sọ pé kíkọ́ olú-ìlú há sórí ni jọ́gíráfì?

Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé jọ́gíráfì lẹ kà, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e kì í pẹ́ dé: "Ó dáa, kí ni olú-ìlú Mongolia?" Bí ẹ bá dáhùn, wọ́n á ní ẹ mọ̀wé. Bí ẹ bá ń fọwọ́ họrí, wọ́n á máa wò yín bíi pé ẹ ra ìwé-ẹ̀rí yín ni. Èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kéèyàn kọ́ orúkọ ìlú, odò, òkè àti erékùṣù há sórí ni jọ́gíráfì, pé ẹni tí orí rẹ̀ bá gba orúkọ jù ló mọ̀ ọ́n jù. Àwọn ètò ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n kò sì jẹ́ kí èrò náà kú.

Irọ́ ni. Mi ò sọ pé orúkọ ò wúlò o; ẹni tí kò mọ apá ibi tí Íńdíà wà kò lè lóye òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí orúkọ bá parí sí ni iṣẹ́ onímọ̀ jọ́gíráfì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ìdí tí nǹkan fi wà níbi tó wà, tí kò fi sí níbòmíì, àti ohun tó so ibì kan pọ̀ mọ́ ibòmíì débi pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọ̀kan, èkejì á mọ̀ ọ́n lára.

Ká tiẹ̀ fi ti ìdí sílẹ̀ ná. Àwọn nǹkan tí wọ́n ń há sórí náà kì í dúró sójú kan. Ẹni tó kọ́ olú-ìlú Kazakhstan ṣáájú òpin ọdún 1997, Almaty ló mọ̀. Ọdún yẹn ni ìjọba kó lọ sí Akmola, ìlú kan lápá àríwá. Nígbà tó di 1998, wọ́n sọ ọ́ di Astana. Ní 2019, ó di Nur-Sultan. Ní 2022, ó tún padà di Astana. Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn fẹ́ pa èyí tó wà lórí rẹ̀ rẹ́? Onímọ̀ jọ́gíráfì kò ní jókòó ti orúkọ. Ohun tó máa béèrè ni ìdí tí ìjọba fi kúrò ní Almaty, ìlú tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè náà. Bó bá tẹjú mọ́ máàpù, á rí i pé igun kan ní gúúsù ìlà-oòrùn ni Almaty há sí, nítòsí ẹnubodè Kyrgyzstan, lẹ́sẹ̀ òkè ńlá, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì tìtì. Á tún rí i pé àríwá orílẹ̀-èdè náà lọ salalu, ó bá Rọ́ṣíà pààlà, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yà Rọ́ṣíà ló sì ń gbé níbẹ̀. Òṣèlú, òkè, ààlà, ìmìtìtì ilẹ̀: gbogbo wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí ìwé ìbéèrè fi orúkọ kan ṣoṣo dáhùn.

Bolivia ńkọ́? Sucre ni òfin ilẹ̀ wọn pè ní olú-ìlú, àmọ́ La Paz ni ààrẹ àti ilé aṣòfin wà. Gúúsù Áfíríkà pín tirẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: Pretoria, Cape Town àti Bloemfontein. Èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kó tó gba máàkì?

Ti odò tó gùn jù láyé kò yàtọ̀. Ìwé púpọ̀ ní Náílì ni, bíi kìlómítà 6,650, tí Amazon sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú bíi 6,400. Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí rẹ̀, torí pé odò ńlá kì í ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Àìmọye odò kéékèèké ló ń ṣàn wọnú rẹ̀. Èwo ni ká pè ní orísun? Ẹnu Amazon náà sì fẹ̀ débi pé àwọn tó ń wọ̀n ọ́n kì í fẹnu kò lórí ibi tí odò ti parí tí òkun sì ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ààlà. Lewis Fry Richardson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wádìí bóyá gígùn ààlà tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì ní í ṣe pẹ̀lú ogun tí wọ́n ń bára wọn jà. Ó ṣí ìwé wò, ó sì rí i pé ibì kan kọ ọ́ pé kìlómítà 987 ni ààlà Sípéènì àti Pọtogí, ibòmíì kọ 1,214. Ààlà kan náà! Kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá fi ọ̀pá gígùn wọn ohun tó rí kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀pá rẹ̀ á fo àwọn kọ̀rọ̀ kéékèèké kọjá. Ẹni tó bá fi ọ̀pá kúkúrú wọ̀n ọ́n á bá kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé, á bá a jáde, iye tirẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Bí ọ̀pá bá ṣe ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni ààlà ń gùn. Ní 1967, Benoit Mandelbrot, onímọ̀ ìṣirò, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí òkun Bìrìtéènì, ó béèrè bó ṣe gùn tó. Ohun tó bọ́ sí ni pé kò sí iye kan tó dúró gbọn-in; ọ̀pá tí wọ́n bá fi wọ̀n ọ́n ló máa sọ. Ẹ wá rò ó wò, iye tí wọ́n ní káwọn ọmọ iléèwé há sórí nìyẹn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an? Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù kì í tiẹ̀ ṣe ti onímọ̀ jọ́gíráfì. Dókítà ni John Snow. Ní ìparí oṣù August 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní London, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti kú. Èrò tó gbòde nígbà náà ni pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń fa àrùn náà. Snow kò gbà bẹ́ẹ̀, omi ló fura sí. Ó gba àkọsílẹ̀ àwọn tó kú, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Nínú máàpù tó tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ó fa ìlà dúdú kúkúrú kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kú, síbi ilé tó kú sí. Àwọn ìlà náà gun orí ara wọn jọ sí àyíká ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń parí ìtàn náà, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Pé òkú pọ̀ yí ẹ̀rọ omi kan ká kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń pa wọ́n lè sọ pé afẹ́fẹ́ àdúgbò yẹn ló burú jù. Ohun tí Snow wá ń wá ni àwọn tó yẹ kó kú tí wọn ò kú, àtàwọn tó kú níbi tí kò yẹ kí ikú dé. Ilé àwọn aláìní kan wà nítòsí, ní Poland Street, èèyàn 535 ló ń gbé inú rẹ̀, márùn-ún péré ló sì kú. Wọ́n ní kànga tiwọn. Ilé ìpọntí kan wà lórí Broad Street fúnra rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò kú, torí ọtí tí wọ́n ń fún wọn ni wọ́n ń mu. Ní ọ̀nà jíjìn, ní Hampstead, níbi tí àrùn náà kò sí, opó kan kú. Adùn omi Broad Street ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọlanke kan ń gbé ìgò omi náà lọ fún un. Ìbátan rẹ̀ tó wá kí i mu nínú rẹ̀, ó padà sílé ní Islington, òun náà kú. Afẹ́fẹ́ wo ló ń rin irú ìrìn yẹn?

Ní ọjọ́ 8 oṣù September, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé ọjọ́ yẹn gan-an ni máàpù pa àrùn, àmọ́ wọ́n ń bù mọ́ ọn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá kúrò ní àdúgbò náà, àrùn ọ̀hún sì ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Snow fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Wíwá èyí tó yapa yẹn náà ló wà nídìí iṣẹ́ àwọn tó ń wo ojú-ọjọ́. Ẹ wo máàpù ayé. Sàhárà, aṣálẹ̀ Arébíà, Kalahari àti aṣálẹ̀ Ọsirélíà, gbogbo wọn ló tò sí nǹkan bíi dígíríì 20 sí 30 sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà ní àríwá tàbí ní gúúsù. Kì í ṣe èèṣì. Níbi agbedeméjì, oòrùn ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, afẹ́fẹ́ ń gòkè, ó ń tú omi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní òjò, ó wá ń ṣí lọ sápá àríwá àti gúúsù. Nígbà tó bá fi máa padà balẹ̀ nítòsí dígíríì 30, ó ti gbẹ táútáú.

Ó dáa. Kí ló wá dé tí gúúsù Ṣáínà, tí òun àti Sàhárà jọ wà lórí ìlà kan náà, fi ń gbin ìrẹsì nínú omi? Nígbà ooru, ilẹ̀ Éṣíà máa ń gbóná ju òkun lọ, atẹ́gùn á sì máa gbé ọ̀rinrin òkun wọlé wá. Ti Atacama ní Ṣílè tún wá yàtọ̀: ó gbẹ ju Sàhárà lọ, bẹ́ẹ̀ etí òkun ló wà! Omi tútù kan tó ń ṣàn láti gúúsù lẹ́bàá etí òkun náà ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ru sókè di òjò, òkè Andes sì dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rinrin tó yẹ kó wá láti ìlà-oòrùn.

Alexander von Humboldt, ọmọ Jámánì tó rin ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín 1799 sí 1804, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe omi tútù yẹn. Ní 1817, ó ṣe ohun kan tó dà bí eré ọmọdé: ó fa ìlà láti so àwọn ibi tí ooru wọn bára dọ́gba pọ̀. Èèyàn á rò pé ìlà náà á lọ tààrà, pé bí èèyàn bá ṣe ń súnmọ́ àríwá ni òtútù á máa pọ̀ sí i. Ìlà náà tẹ̀ sókè, ó tẹ̀ sódò. London sún mọ́ àríwá ju ìlú Quebec lọ dáadáa, síbẹ̀ òtútù Quebec ju ti London lọ fíìfíì, torí pé orí òkun tí kì í tètè tutù ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí London ti ń wá.

Nísinsìnyí, wọ́n tún ní sátẹ́láìtì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ onímọ̀ jọ́gíráfì, pé ayé ti wà lórí fóònù, kí ló tún kù? Lóòótọ́, láti July 1972 tí Amẹ́ríkà ti gbé sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ lọ sókè ni àwòrán ilẹ̀ ayé ti ń wọlé láìdáwọ́dúró. Lórí wọn, ẹ ó rí Òkun Aral, láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, bó ṣe ń súnkì lọ́dọọdún. Ní 1960, òun ni adágún kẹrin tó tóbi jù láyé. Ohun tí àwòrán náà kò ní sọ fún yín ni ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti ka ohun tí ìjọba Sófíẹ́tì pinnu, bí wọ́n ṣe darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya lọ sí oko òwú. Ó ní láti dé Moynaq, ìlú apẹja tí omi sá fi sílẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi ń dípẹtà lórí iyanrìn, kó bá àgbẹ̀ àtẹni tó ti ń pẹja rí sọ̀rọ̀, kó wọn iyọ̀ inú eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé dìde nísàlẹ̀ adágún tó gbẹ. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Kok-Aral ní 2005, omi apá àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ẹja sì padà síbẹ̀. Apá gúúsù ń gbẹ lọ ní tirẹ̀. Sátẹ́láìtì rí méjèèjì dáadáa. Ìpinnu tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kò lè rí.

Kọ̀ǹpútà náà ń ṣe tirẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960, nígbà tí Roger Tomlinson, onímọ̀ jọ́gíráfì, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí fún ìjọba Kánádà, wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà to máàpù lé orí ara wọn, ti ilẹ̀, ti omi, ti ibi téèyàn pọ̀ sí, láti wo ibi tí wọ́n ti bára mu àti ibi tí wọ́n ti kọ ara wọn. Ohun tí Snow fi ẹsẹ̀ rìn ni, ẹ̀rọ ló wá yá a.

Pé ayé ti wà lórí máàpù tán náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti ràdà sátẹ́láìtì kì í wọ inú òkun jíjìn, àfi kí ọkọ̀ ojú omi kọjá lórí ibẹ̀, kó rán ìró sísàlẹ̀, kó sì ka àkókò tí ìró náà fi padà wá. Títí di 2024, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìsàlẹ̀ òkun péré ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ òde òní wọ̀n. Orí ilẹ̀ pàápàá, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní January 2010, kò sí máàpù tó péye fún ọ̀pọ̀ òpópónà Port-au-Prince. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, káàkiri ayé, ló jókòó ti àwòrán sátẹ́láìtì, tí wọ́n ń fa òpópónà kọ̀ọ̀kan sórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, káwọn tó ń gba èèyàn là lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò kò nílò olú-ìlú kankan. Láti 2008 ni àwọn àwòrán Landsat ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Kó mú ibì kan tó mọ̀ bí ẹní mowó, kó wá àwòrán ọdún méjì tó jìnnà síra, kó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó wo ibi tí odò ti yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ àti ibi tí ilé ti jẹ oko run, kó tún wo ibi tí nǹkan kan ò ti yí padà rárá. Lẹ́yìn náà, kó wá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ, kó béèrè lọ́wọ́ wọn.