Kì í Ṣe Ẹ̀yin Ni Mo Wá Yà ní Etíkun

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló sọ fún yín pé ẹni tó bá gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ́jọ́ Sátidé ti di onífọ́tò gbogbo ayé? Ìbéèrè ni mo bi yín, ẹ dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé mi ọ̀nà ọ̀fun. Bí mi ò bá tu ú síta báyìí, màá bá ẹnì kan wọ̀yá ìjà lórí Seven Sisters, àwọn òkè ẹfun etíkun gúúsù England tí mo ti ń lọ ya fọ́tò, lójú àwọn òyìnbó àti àgùntàn wọn.

Àwa tí a ń gbé London mọ ohun tí ìgbà òtútù ń fojú èèyàn rí. Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni oòrùn ń yọ, kó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. O kúrò nílé nínú òkùnkùn, inú òkùnkùn náà lo padà bá. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa ya fọ́tò, ààwẹ̀ tipátipá ló ń gbà. Ìgbà tí wọ́n bá ti aago síwájú ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta ni ara ń tó tù wá. Tó bá fi máa di ìparí oṣù Kẹrin, aago mẹ́jọ alẹ́ á ti kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Èmi tí mo ń fi Mọ́ńdè dé Fúráídè ṣiṣẹ́ olóṣù, Sátidé ìgbà ìrúwé nìkan ni mo ní, kò sì pẹ́ tí ooru á fi dé, tí àwọn ọmọléèwé á gba ọlidé, tí gbogbo etíkun á kún fọ́fọ́. Ìwọ̀nba Sátidé yẹn náà lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí kò ní mọ ìdí tí mo fi ń bínú. Láàárín Seaford àti Eastbourne, ní Sussex, ilẹ̀ kàn ṣàdédé tán ni. O ń rìn lọ lórí koríko, àgùntàn wà nínú pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ẹyẹ ń kọrin lókè orí rẹ, lójijì ilẹ̀ já, òkun ló kù. Ògiri ẹfun funfun báláú, òkè kan tẹ̀ lé òmíràn. Méje ni orúkọ pè wọ́n, òkun sì ti ń gbẹ́ ìkẹjọ lọ́wọ́. Tó bá fi máa dé Beachy Head lápá Eastbourne, ó ti ga tó mítà 162. Kò sí òkè ẹfun etíkun mìíràn ní gbogbo Britain tó ga tó o.

Tí o bá wá dúró sí ìhà Seaford Head, tí àwọn ilé kéékèèké tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ń gbé láyé àtijọ́ wà níwájú rẹ, tí odò Cuckmere ń wọ òkun nísàlẹ̀, o ti dé ibi tí gbogbo onífọ́tò ń wá. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni àwọn òkè yẹn kọjú sí. Lọ́sàn-án gangan, wọ́n kàn ń funfun lásán ni, kò sí òjìji, kò sí ìrísí. Àmọ́ nígbà ìrúwé, tí oòrùn bá ń lọ wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rọra fẹ̀gbẹ́ gbà wọ́n lára, gbogbo kọ̀rọ̀ àti gbogbo ìlà ara ẹfun á yọ síta, funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bóyá wákàtí kan. Àwọsánmà sì lè gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí o ò retí. Torí wákàtí kan yẹn ni mo ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Victoria. Kò sí ìdí mìíràn.

Kí n tó mọ̀, ẹnì kan ti gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ń lọ etíkun ní Sátidé. A máa bá yín lọ o, ẹ bá wa mú kámẹ́rà ńlá yẹn dání." Ta ló pè yín? Kí n tó fèsì, ẹ ti dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ẹ ti yan àwọ̀ aṣọ. A fi sí aago mẹ́jọ ní Victoria, aago mẹ́wàá àbọ̀ lẹ ń yọ níkọ̀ọ̀kan, tẹ̀yin ti àpótí onítáyà tí ẹ ń wọ́ nílẹ̀ gbàràgbàrà. Kí ló wà nínú rẹ̀? Aṣọ ìpààrọ̀! Ańkárá, léèsì, aṣọ òkè, bàtà gogoro. Bàtà gogoro lórí òkè! Kúlà ìrẹsì náà ò gbẹ́yìn.

Láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já wa sílẹ̀ ní Exceat dé etí omi, ó lé ní máìlì kan. Nígbà ìrúwé, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ àgùntàn ló kún ọ̀nà yẹn, táyà àpótí yín ò lè yí nínú rẹ̀. Ta ló gbé e? Ọ̀gá onífọ́tò ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ lágbára jù." Mo gbé kámẹ́rà, mo gbé lẹ́ńsì, mo gbé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo tún gbé kúlà ìrẹsì tí mi ò ní rí jẹ títí á fi tutù, torí ẹ ò ní jẹ́ kí n jókòó.

Ẹ tún gbàgbé pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ Bar Beach. Oṣù Kẹrin lè mú oòrùn wá lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn tó ń ti orí òkun bọ̀ ń gé èèyàn létí. Gèlè tí ẹ jí wé láti ìdájí, ó fò lọ. Àgbà ọkùnrin, mo wá ń lé gèlè kiri láàárín àgùntàn. "Ẹ dúró ná, ẹ má tíì yà á o!" J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa ní 1968, ẹ̀yìn orí ló ń yà jù, iṣẹ́ rẹ̀ sì kárí ayé. Mo bẹ̀ yín pé ẹ jẹ́ kí n ya ẹ̀yìn gèlè náà, kí ẹ̀yin kọjú sí òkun kí ẹ wò ó, ó kéré tán kí ẹ lè sọ pé ẹ rí òkun. Ẹ kọ̀. Ojú nìkan lẹ fẹ́.

Ojú náà ló wá di ìjà. Aago kan ọ̀sán lẹ ní kí n yà yín, ẹ kẹ́yìn sí ẹfun, ọ̀run mọ́ kedere, òkun ń dán. Kámẹ́rà ò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá rí ló ń dà pọ̀ wò, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí a bá da ayé pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Tó bá wá rí ẹfun láti ìsàlẹ̀ dé òkè, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ẹfun á dára, ojú tiwa á ṣú débi pé imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní yàtọ̀ síra. Mo mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ojú yín ni màá fi wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yin á sì hàn dáadáa, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn yín á di funfun òfìfo, kò ní sí òkè, kò ní sí ọ̀run. Ẹ á tún ní, "Òkè tí a tìtorí ẹ̀ wá dà?" Èwo lẹ fẹ́ gan-an? Mo ní kí a dúró di ìrọ̀lẹ́ tí méjèèjì á bára mu, ẹ ní òtútù á ti mú yín nígbà yẹn.

Mi ò sọ pé ẹ̀bi yín ni gbogbo rẹ̀ o. Àwọn tó ṣe fíìmù láyé ọjọ́un ò ro tiwa mọ́ ọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò láti fi ṣòdiwọ̀n àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lójú rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Àfi ìgbà tó di 2021 kí Google tó gbé Real Tone sínú fóònù Pixel 6 kí àwọ̀ dúdú lè hàn bó ṣe rí. Ìyẹn náà ń bí mi nínú. Àmọ́ Shirley kọ́ ló ní kí ẹ lọ dúró sínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ibi tó ń já mi láyà wá kù, eré kọ́ nìyí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ etí díẹ̀ kí òkun hàn." Sún mọ́ kí ni? Ẹfun kì í ṣe àpáta Olúmọ. Òkun ń jẹ ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́, òjò ìgbà òtútù ti rin ín gbingbin kí ìgbà ìrúwé tó dé, ibi tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ sì lè ti di òfìfo nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Ní 2017, ọmọ iléèwé kan láti Gúúsù Kòríà fò sókè létí bèbè yẹn kí wọ́n lè yà á nínú afẹ́fẹ́. Ó jábọ́, ó sì kú. Àlejò kan tó bá pàdé níbẹ̀ ló ní kó bá òun yà á. Ẹ ro ti ẹni tó gbé fóònù dání yẹn wò. Èmi ò fẹ́ jẹ́ onítọ̀hún láéláé. Ilé iná Belle Tout, tó ń fi iná tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà láyé àtijọ́, tó wà ní etíkun yẹn kan náà, odindi ilé olókùúta, jáàkì ni wọ́n fi gbé e nílẹ̀ ní 1999, wọ́n sún un sẹ́yìn ní mítà 17 kó má baà bá ẹfun já sókun. Ilé ń sá fún bèbè, ẹ̀yin ń sún mọ́ ọn! Tí mo bá sì pariwo, ẹ á ní ẹ̀gbọ́n yìí ti lójo jù.

Síbẹ̀, èyí tó dùn mí jù kì í ṣe èyí tí mo ti ń kà sílẹ̀ láti àárọ̀ yìí. Ilé iná kan wà nísàlẹ̀ Beachy Head, pupa àti funfun, inú omi ló dúró sí, láti 1902 ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn alábòójútó rẹ̀ ní àwọn ò ní kùn ún mọ́, aráàlú ló dáwó jọ, wọ́n sì tún un kùn ní 2013. Èèyàn dáwó nítorí pé ìlà pupa kan dára lójú! Mo ya ilé iná yẹn nírọ̀lẹ́ kan tí omi ti fà sẹ́yìn, tí àpáta ìsàlẹ̀ ti yọrí, mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́. Mo fi han Àǹtí kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi. Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lósì.

"Ó dáa o. Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni kankan, mà.

"Kò sẹ́ni kankan? O wọkọ̀ láti London lọ ya ibi tí kò sí èèyàn?"

Wọ́n dá fóònù padà fún mi tàánútàánú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣé òkè tí ìbátan wa kankan ò bá dúró síwájú rẹ̀ ò sí láyé ni? Àwa kan náà là ń ki òkè o! Ìbàdàn ń ṣọdún Òkè'Bàdàn, Ẹ̀gbá ń fi Olúmọ yangàn, kò sì sẹ́ni tó ní kí Olúmọ rọra yẹ̀bá kí léèsì òun lè hàn. Ìgbà tí a wọ bàlúù dé ìlú òyìnbó ni òkè di aṣọ ìkélé tí a ń dúró síwájú rẹ̀?

Ẹ sì wo bí nǹkan ṣe máa ń parí. Aago méje kọjá, ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìdúró kámẹ́rà kalẹ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọmọ ń sunkún, bọ́ọ̀sì á lọ." Bọ́ọ̀sì! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ méjì mẹ́ta lọ ní Victoria, ẹ̀yin lẹ wá mọ aago bọ́ọ̀sì. Bátìrì kámẹ́rà tí ẹ ti fi ańkárá jẹ tán náà ti ń tàn pupa. Tí mo bá sì ní kí n sá fún yín, kí n lọ ní Sọ́ńdè, wọ́n á ti ti ojú irin pa fún àtúnṣe, wọ́n á kó wa sínú bọ́ọ̀sì tí yóò kí gbogbo abúlé Sussex lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbínú tìyẹn ṣì wà nílẹ̀, ọjọ́ ẹ̀ ń bọ̀.

A ò tíì dé Clapham Junction tí ẹ ti ń béèrè. "Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ lálẹ́ yìí." Èmi á jókòó ti kọ̀ǹpútà di òru, màá máa tún ìmọ́lẹ̀ ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Mo fi línkì ránṣẹ́, ẹ ní WhatsApp lẹ fẹ́. WhatsApp á fún fọ́tò pọ̀ títí á fi ṣú, ẹ á ní kámẹ́rà mi ò mọ́ tó fóònù ọmọ yín. Ẹ á kó o sínú áàpù, ẹ á bó ara yín títí ẹ fi máa funfun ju ẹfun lọ, ẹ á wá gbé e sórí Instagram láìdárúkọ ẹni tó yà á. Mo ti rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkọ òun ló yà á. Ọkọ rẹ tó wà nídìí kúlà látàárọ̀!

Nílé, onífọ́tò tó bá yà yín lóde ìnáwó á sáré lọ tẹ̀ ẹ́, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò sì ní gbé tiyín láìsanwó. Ẹ kì í bínú sí i. Ẹ tiẹ̀ máa ń ra tọ̀rẹ́ yín mọ́ ọn. Èmi tí mo fowó ara mi ra lẹ́ńsì, tí mo fowó ara mi wọkọ̀, "ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san án fún yín" ló tọ́ sí mi.

Sátidé tó ń bọ̀, mo ń lọ. Ọkọ̀ aago mélòó, mi ò ní sọ, ẹ má sì pè mí wò. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ya òun lọ́jọ́ mìíràn, iye tó ń san fún onífọ́tò ìnáwó ní Peckham ni yóò san fún mi, ní Victoria, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí a tó wọkọ̀. Tó bá fi lé ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti lọ. Mi ò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mi ò ní ya ẹnikẹ́ni tó bá kọjá pátákó ìkìlọ̀, ẹni tó bá sì gbé kúlà wá, òun náà ni yóò gbé e lọ, òun náà ni yóò gbé e bọ̀.